Ẹ̀mú Ìwọnrí Kejì

Olè tó wọ Ilé Ìwádìí Ìran ní ìlú Älvnäs fi ohun tó yẹ kí olè jí sílẹ̀. Aago wúrà ọ̀gá ilé náà wà lórí tábìlì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹni tó bá sì gbé e dé Stockholm yóò rí owó gidi lórí rẹ̀. Olè ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ẹ̀mú ìwọnrí kan ṣoṣo ló gbé lọ, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó rí bí ìwo màlúù, tí wọ́n fi ń wọn bí orí èèyàn ṣe fẹ̀ tó láti òkè etí kan dé òkè etí kejì.

Algot Brolin dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí irin náà ti lọ. Òun ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àgbà ní àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, ọkùnrin gbọọrọ kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Kò ní ọgbọ́n méjì. Bó bá ti dúró níwájú nǹkan, kì í kúrò níbẹ̀ títí yóò fi yé e. Àyè ẹ̀mú méjì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n kọ "1" sí lára wà nínú àpò awọ rẹ̀. Àyè "2" ló ṣófo.

Ó bi Dókítà Evald Rydell, ọ̀gá ilé náà, bóyá ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Dókítà ní ìbejì ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé láti ilẹ̀ Jámánì.

"Kí ló wá dé tí olè ò fi kó méjèèjì?" Brolin béèrè. "Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

"Olè kọ́ nìyẹn, ìkà ni. Ẹ kọjá sí ìlà-oòrùn odò, kí ẹ lọ bá Isak Norell. Ó ti wá pariwo lẹ́nu ọ̀nà mi níbí."

Ó sọ ìdí rẹ̀. Norell ní ọmọbìnrin kan, Svea, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí kò tètè mọ̀wé kà. Ilé ìwé fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ ní Stockholm sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kó má bàa bímọ láéláé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n fẹ́ gé ẹ̀ka igi.

"Kí lọmọ náà ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe bí i ni."

Brolin ní kó ṣàlàyé. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ bí ẹni ń da ọkà fún adìyẹ. Brolin gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Inú Dókítà ò dùn, àmọ́ ó sọ ọ́. Wọ́n ti lọ láti ilé dé ilé ní ìhà méjèèjì odò, wọ́n ti wọn orí àti gíga bàbá, ìyá àti ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ní ilé lẹ́yìn ilé, ibi tí orí òbí bá ti kéré ni ti ọmọ náà ń kéré, a jẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Iye kan wà tí wọ́n fi ń sọ bí ìwọ̀n ẹnì kan ṣe ń tẹ̀ lé ti ẹnì kejì. Òdo ni bí wọn ò bá tẹ̀ lé ara wọn rárá. Ení ni bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ara wọn bí òjìji. Láàárín òbí àti ọmọ, ìdajì ni wọ́n ń retí. Tiwọn níbí ju ìdajì lọ. Ó ní orí tó bá kéré ni ọgbọ́n rẹ̀ ń kéré, gbogbo ará ilé Norell ni orí wọn sì kéré.

"Bó bá jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ńkọ́?"

"A ti dán ìyẹn wò." Fún ìgbà àkọ́kọ́, Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bó bá jẹ́ kòńgẹ́ lásán ni, ẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí nígbà ẹgbẹ̀rún, iye yìí ò ní jáde lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe kòńgẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Brolin."

Nígbà tí Brolin ń jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ti họ igi àti irin yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká, bí ẹni fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó já a. Inú ihò náà gan-an ń dán, kò ní ìlà kan. Kọ́kọ́rọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ó bi Dókítà ta ló ní kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní òun ni, àti Mísì Lindmark tó ń bá òun ṣe ìṣirò, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀.

Brolin mú un sọ́kàn. Síbẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ rí Norell.

*

Omi dídì orí odò ti ń fọ́ nígbà yẹn, afárá nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní ilé Norell, gbogbo wọn wà ní ilé ìdáná. Isak jókòó, ó kó ọwọ́ ńlá méjèèjì lé orí tábìlì bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Hulda ìyàwó rẹ̀ ń da kọfí. Svea ń bó ọ̀dùnkún lẹ́bàá ààrò, èèpo tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì já.

"Ẹ tún wá wọ̀n wá ni?" Hulda wí. "Ó ku ẹsẹ̀. Wọn ò tíì wọn ẹsẹ̀ wa."

Brolin ní ẹ̀mú kan ló sọnù. Hulda ní kó sọnù kánrin. Àmọ́ Isak kò jẹ́ kó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn ilẹ̀ Finland tí wọ́n ti bí i ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní lóòótọ́ lòun lọ sí Ilé Ìwádìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òkúta sì wà lọ́wọ́ òun.

"Mo fẹ́ fọ́ fèrèsé. Mo gbé òkúta yẹn sókè. Mo wá rò ó pé bí mo bá fọ́ ọ, wọ́n á ní ẹ ò rí i, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn nínú ìdílé yẹn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo rọra gbé e padà síbi tí mo ti mú un."

Brolin gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ purọ́ ì bá ti fi òkúta yẹn sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀.

Ó bi wọ́n bí ìwọ̀n náà ṣe lọ. Hulda ló sọ ọ́. Àwọn tó wá wọn èèyàn pín ara wọn sí méjì, apá kan gba ìwọ̀-oòrùn odò, apá kejì gba ìlà-oòrùn, nítorí wàhálà odò. Apá kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀mú kan. Wọ́n ní àwọn ò ní da ilé kan láàmú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà gbogbo ará ilé ni wọ́n ń wọ̀n ní ìjókòó kan. Bàbá ló ń kọ́kọ́ jókòó, ìyá tẹ̀ lé e, kí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Hulda fún wọn ní kọfí.

"Ìwé náà ńkọ́," Brolin bi í, "èyí tó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ? Ta ló fọwọ́ sí i?"

Hulda gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. Ó ní òun ni. Wọ́n ní bí òun ò bá fọwọ́ sí i, Svea ò ní máa gbélé mọ́, ilé àwọn tí orí wọn ò pé ló máa dàgbà sí. "Kí lẹ bá ṣe, Ọ̀gá? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n."

Svea ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wọn, jẹ́jẹ́, pé ohun tó ń dun òun jù ni pé òun ò ní fìlà tí òun máa dé wọ ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ ló ń dé e. "Wọ́n ní orí gbogbo wa kéré. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń rán fìlà tó kéré tó bẹ́ẹ̀."

"Orí gbogbo wa kẹ̀?" Isak wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, fìlà tó tóbi jù ni wọ́n ń fún mi, mo ṣì ń la ẹ̀yìn rẹ̀."

Brolin wo orí ọkùnrin náà. Ó tóbi bí ìkòkò ìfọṣọ. Ó sì ti gbọ́ lẹ́nu Dókítà pé gbogbo ará ilé Norell ni orí wọn kéré.

*

Tyra Lindmark jókòó nídìí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ó we gèlè dúdú kékeré mọ́rí bó ṣe máa ń ṣe. Brolin fa àga, ó jókòó tì í.

"Mísì, òbí àti ọmọ ni Dókítà sọ fún mi. Kò sọ ti ọkọ àti aya."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀rọ. Ó ní Dókítà ò bi òun léèrè ìyẹn.

"Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀."

"Mo ṣírò rẹ̀."

"Kí ló jáde?"

"Òun náà ju ìdajì lọ."

"Gíga ńkọ́? Ṣé ọkọ gíga ń fẹ́ aya gíga?"

"Díẹ̀ báyìí. Kò jìnnà sí òdo."

Brolin dúpẹ́, ó sì lọ bá Dókítà. Dókítà ò rò ó kó tó dáhùn. Ó ní àwọn ará igbó nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ ọmọ àbúrò, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ọkọ àti aya. Brolin ní òkè òkun ni Isak Norell ti wá. Dókítà ní ẹnì kan ò lè ba ìṣirò jẹ́.

Brolin ń rìn lọ lẹ́bàá odò, ó ń dá a rò. Kí ni ọkọ àti aya jọ ní tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀? Ilé ni, àti oúnjẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, gíga wọn náà ì bá jọra. Orí nìkan ló jọra. Kí ló wá kan orí tí kò kan gíga? Ìjókòó kan, ọwọ́ kan, irin kan. Bí irin tó gba ìlà-oòrùn odò bá ń dín orí kù, gbogbo orí tó bá kàn ní ìlà-oòrùn yóò kéré, ti bàbá, ti ìyá, ti ọmọ, kódà ti àlejò tó bá yà wá mu kọfí. Ìdílé á wá dà bí ẹni jọra. Òótọ́ ni Dókítà sọ, kì í ṣe kòńgẹ́. Ẹ̀mú ni.

Ẹni tó jí ẹ̀mú kejì mọ̀ pé ẹ̀mú yẹn ló ní àìsàn. Ìdí tó fi fi èkíní sílẹ̀ nìyẹn.

Ó yà sí ọ̀dọ̀ Fabian Östling tó ń rán fìlà, ó fẹ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ta fìlà fún Norell rí. Orí igi tí Östling fi ń na fìlà tò sórí pẹpẹ, wọ́n ti fi iná kọ ìwọ̀n sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyè kan ṣófo láàárín wọn.

"Ta ló mú ìyẹn?"

"Mísì Lindmark ló yá a. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ò dé fìlà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín? Ó kàn wò mí."

Nǹkan gún régé nínú Brolin. Kò sí adùn tó dà bí irú èyí, nítorí rẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó yá tẹlifóònù Östling, ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́, ó sì sọ fún un pé òun ti mọ olè, òun sì mọ ibi tí ẹrù wà. Ọ̀gá yìn ín. Brolin gbé tẹlifóònù kalẹ̀, ó sọdá sí ilé obìnrin náà.

*

Tyra ò jiyàn. Ó gbé orí igi jáde láti abẹ́ tábìlì, ó gbé ẹ̀mú jáde láti inú agolo ìyẹ̀fun, ó fọ́n ìyẹ̀fun dànù lára rẹ̀, ó sì wọn igi náà lójú Brolin. Wọ́n kọ mílímítà márùn-ún dín lọ́gọ́jọ sí ìdí igi. Ẹ̀mú ní mẹ́tàdínláàádọ́jọ ni.

"Mẹ́jọ ló ń jẹ," ó wí. "Ó jẹ mẹ́jọ lára gbogbo orí tó wà ní ìhà ọ̀hún. Ẹsẹ̀ kan ló tẹ̀. Mo rò pé wọ́n jù ú lulẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún Dókítà?"

Ó ní òun sọ. Dókítà ní àwọn ará igbó ń fẹ́ ara wọn. Òun ní kí wọ́n yẹ ẹ̀mú wò, Dókítà ní ilẹ̀ Jámánì ló ti wá. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kó gbogbo irin ilé náà lọ fún alágbẹ̀dẹ tó ń tún wọn ṣe lọ́dọọdún. Bí ẹ̀mú náà bá ti dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, á mú un tọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó tẹ̀ rí. "Mo fẹ́ gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ fúnra mi. Ọkọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Brolin. Ẹ kàn jẹ́ kó di ọ̀la."

Brolin ṣí ẹnu láti sọ pé ó dáa. Ní àkókò yẹn ni mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, Dókítà tẹ̀ lé e. Dókítà gba ẹ̀mú lọ́wọ́ Tyra, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ìbànújẹ́ gidi ni Brolin rí níbẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n ṣe ẹṣin rẹ̀ léṣe.

"Ẹ wo ohun tó ṣe sí i," ó wí. "Ó ti tẹ̀ ẹ́."

Brolin gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe jáde lẹ́nu Tyra. Obìnrin tó ń ṣírò ohun gbogbo kò ṣírò ìyẹn. Ẹ̀mú ti wà lọ́wọ́ olè, ta ló máa jẹ́rìí pé kí olè tó mú un ló ti tẹ̀?

"Ó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀," Brolin wí. "Norell ń dé fìlà tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ẹ lọ wo orí rẹ̀. Ẹ fi èkíní wọn ọmọ náà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

Dókítà ò bínú. Ó ní bí wọ́n bá tún orí kan wọ̀n, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbogbo orí tó wà ní ìhà méjèèjì wọ̀n, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ nìyẹn. Ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu, òun kọ́ ló sì lè yí i padà. Ó dà bíi pé ó gba ohun tó ń sọ gbọ́ látọkàn wá. Ìyẹn gan-an ló ba Brolin nínú jẹ́ jù. Ká ní òpùrọ́ ni, òun mọ bí wọ́n ṣe ń mú òpùrọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ní olè ti jẹ́wọ́, ẹrù ti padà sọ́wọ́ olówó, ẹjọ́ ti parí. Ó tún yìn ín.

*

Brolin ṣe ohun tó lè ṣe. Ó mú Svea lọ sọ́dọ̀ Östling, Östling sì wọn orí rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Brolin tẹ wáyà sí ìgbìmọ̀ ní Stockholm. Wọ́n fèsì kíákíá, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n fi falẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń rán fìlà kì í ṣe dókítà, àti pé kí àtúnyẹ̀wò gba ọ̀dọ̀ Ilé Ìwádìí tó ṣe iṣẹ́ náà wá.

Ó gbé wáyà náà lọ fún Tyra ní àtìmọ́lé. Tyra kà á, ó dá a padà fún un. Ó bi í bóyá ọ̀dùnkún ni wọ́n tún máa jẹ lóòní.

Ní ọjọ́ Ajé, Brolin lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sẹ́ni tó rán an. Nọ́ọ̀sì kan ti wà níbẹ̀ tó fẹ́ mú ọmọ náà lọ, obìnrin onínúure tó ń fún un ní súìtì. Hulda di kọ́là ẹ̀wù Svea, ó tú u, ó tún un dì. Isak dúró sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ó rí Brolin, ó mi orí sí i bí ẹni ń kí ẹni tí wọ́n jọ ṣòfò.

Svea dé fìlà aláwọ̀ búlúù. Östling ló rán an, kò sì gba nǹkan kan. Ọmọ náà sáré wá bá Brolin.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé ó bá mi mu?"

Brolin wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń wo nǹkan títí yóò fi yé e.

"Ó bá ẹ mu gan-an, Svea."

"Mo rò pé á máa bọ́ sí mi lójú ni," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá yóò wà níbùdókọ̀ nígbà tí òun bá padà dé, kó lè rí i pé òun ò sọ ọ́ nù. Brolin ní òun máa wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fà á lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń juwọ́. Ọkọ̀ mì, ó fa ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tó dé ibi tí ilé tán, afẹ́fẹ́ odò rọ́ gba fèrèsé wọlé, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ sì fi ọwọ́ di fìlà wọn mú. Ti Svea kò mì.